Bí A Ṣe Ń Fi Aṣọ Àlòkù Ta Àjọ Aláàánú Lọ́rẹ Láti Ẹnu Ọ̀nà Ilé Wa ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìbáà ṣe ní Peckham, ní Woolwich tàbí ní Manchester, yóò ti rí ọ̀rá pẹlẹbẹ kan rí tí wọ́n tì bọnu ihò lẹ́tà ara ilẹ̀kùn rẹ̀, tí wọ́n kọ orúkọ àjọ aláàánú kan sí, tí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò padà wá gbé e. Ohun tí wọ́n ń bèèrè kò ju pé kí onílé kó aṣọ tí kò lò mọ́ sínú rẹ̀, kí ó dì í, kí ó sì gbé e síta láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n dá. Àwọn kan nínú wa máa ń sọ ọ̀rá náà sínú pàǹtírí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àwọn mìíràn sì máa ń kó aṣọ kún un láì ka ohun tó wà lára rẹ̀. Àti ẹni tó sọ ọ́ nù àti ẹni tí kò kà á ló ń pàdánù nǹkan, nítorí pé ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá yẹn ni yóò fi hàn bóyá àánú ni aṣọ wa ń lọ ṣe tàbí òwò ẹlòmíràn. Kíkà ni kí ó ṣáájú, kí dídì tó tẹ̀lé e.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ ka ọ̀rá náà tojú tẹ̀yìn

Oríṣi mẹ́ta ni àwọn tó ń pín ọ̀rá yìí kiri. Èkíní ni àjọ aláàánú tó ń fi ọkọ̀ ara rẹ̀ kó aṣọ, tó ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, tó ń tà á níbẹ̀, tó sì ń fi èrè rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ dá àjọ náà sílẹ̀. Èkejì ni ilé-iṣẹ́ òwò tó bá àjọ aláàánú kan ṣe àdéhùn: ilé-iṣẹ́ yìí ló ń pín ọ̀rá, òun ló ń kó aṣọ, òun náà ló ń tà á, ó sì ń san iye kan fún àjọ náà lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹta ni oníṣòwò tí kò bá àjọ kankan ṣe rárá, tó kàn ń wá aṣọ ọ̀fẹ́ tí yóò tà. Òfin kò ní kí ẹni ẹ̀kẹta yìí má ṣòwò níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti purọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ní i lọ́kàn láti ran aláìsàn tàbí ọmọ aláìníbaba lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ kó aṣọ sínú ọ̀rá irú wọn.

Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ la fi ń dá wọn mọ̀. Àjọ aláàánú tó forúkọ sílẹ̀ ní England àti Wales máa ń ní nọ́ńbà olóǹkà mẹ́fà tàbí méje, èyí tí Charity Commission, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń forúkọ àwọn àjọ aláàánú sílẹ̀, fún un. Ní Scotland, lẹ́tà SC ló ń ṣáájú nọ́ńbà tiwọn. Ní Northern Ireland, NIC ló ń ṣáájú. Ibi tí wọ́n ti máa ń mú ojú ẹni ni nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ òwò, tí Companies House, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ òwò sílẹ̀, ń fúnni, tó sì sábà máa ń jẹ́ òǹkà mẹ́jọ. Oníṣòwò lè kọ ọ́ gàdàgbà sára ọ̀rá rẹ̀, kí ó fi àwòrán ọmọdé tí ebi ń pa sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ pé àwọn ìdílé tí nǹkan kò rọgbọ fún ń retí aṣọ yín, láì dárúkọ àjọ kankan. Ẹni tó bá sáré kà á yóò rò pé nọ́ńbà àjọ aláàánú ni. Bí ẹ kò bá rí nọ́ńbà àjọ aláàánú, tí ẹ kò sì rí orúkọ àjọ kan pàtó, ẹ má fi nǹkan kan sínú ọ̀rá náà.

Bí ọ̀rá náà bá jẹ́ ti oríṣi kejì, ó yẹ kí ẹ rí iye owó tí wọ́n ń san. Òfin tí wọ́n ṣe lórí àjọ aláàánú ní England àti Wales ní 1992 pàṣẹ pé ilé-iṣẹ́ òwò tó bá ń fi orúkọ àjọ aláàánú pe ará ìlú gbọ́dọ̀ sọ iye tí àjọ náà yóò rí gbà, tàbí bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan. Ká ní wọ́n kọ ọ́ pé £100 ni wọn yóò san lórí tọ́ọ̀nù kan. Ẹgbẹ̀rún kílò ló wà nínú tọ́ọ̀nù, nítorí náà ọ̀rá tó wọn kílò márùn-ún yóò mú àádọ́ta pẹ́nsì wá fún àjọ náà. Ká tún ní kóòtù dídára kan wà nínú ọ̀rá yẹn, tí ṣọ́ọ̀bù àjọ aláàánú ìbá tà ní £8. Kóòtù kan ṣoṣo ìbá mú ìlọ́po mẹ́rìndínlógún owó gbogbo ọ̀rá náà wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù náà yóò yọ ìnáwó tirẹ̀ kúrò níbẹ̀.

N kò sọ èyí láti lé ẹnikẹ́ni sá fún ọ̀rá. Ìyá arúgbó tí orúnkún ń dà láàmú, ìyá ọlọ́mọ tí kò ní mọ́tò, àti òṣìṣẹ́ alẹ́ tó ń sùn nígbà tí ṣọ́ọ̀bù ṣí, gbogbo wọn ni ọ̀rá yìí wúlò fún gan-an. Èrò tèmi ni pé kí ẹni tó lágbára àtirìn yọ aṣọ tó dára jù lọ sọ́tọ̀, kí ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, kí ó sì fi èyí tó kù sínú ọ̀rá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rá bá jẹ́ ti oríṣi kìíní, tí ọkọ̀ àjọ náà fúnra rẹ̀ ń kó o lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kò sí ìdí fún wàhálà yẹn. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sí i.

Lára ọ̀rá àwọn àjọ ńlá kan, ẹ óò tún rí sítíkà Gift Aid. Ètò yìí ń jẹ́ kí ìjọba fi pẹ́nsì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kún pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tí aṣọ yín bá mú wá, nítorí náà kóòtù £8 yẹn yóò di £10 láì ná ẹ̀yin ní kọ́bọ̀. Lójú òfin, àjọ náà ń bá yín ta aṣọ yín ni, ẹ̀yin lẹ sì wá fi owó rẹ̀ ta wọ́n lọ́rẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kọ̀wé sí yín lẹ́yìn tí ọjà bá tà. Ẹni tó ń san owó orí ní ilẹ̀ náà nìkan ló yẹ kó fọwọ́ sí i, owó orí rẹ̀ ọdún yẹn sì gbọ́dọ̀ tó ohun tí àjọ yóò gbà padà lórúkọ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, HMRC, ìyẹn ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń gba owó orí, lè ní kí ó san ìyàtọ̀ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì máa ṣiṣẹ́ lè fúnni láṣọ. Kí ó kàn má fọwọ́ sí Gift Aid.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wádìí orúkọ náà

Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni èyí ń gbà. Fún àjọ tó wà ní England àti Wales, ẹ lọ sí ìkànnì Charity Commission lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ nọ́ńbà tó wà lára ọ̀rá, ẹ ó sì rí orúkọ àjọ náà, iṣẹ́ tó ń ṣe, owó tó wọlé fún un àti orúkọ àwọn alábòójútó rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Orúkọ ibẹ̀ àti orúkọ ara ọ̀rá gbọ́dọ̀ bá ara mu. Bí iyèméjì bá kù, ẹ pe àjọ náà lórí nọ́ńbà tí ẹ rí ní ìkànnì tirẹ̀ gan-an, kì í ṣe èyí tó wà lára ọ̀rá, nítorí pé ẹni tó tẹ ayédèrú ọ̀rá fúnra rẹ̀ lè dá yín lóhùn lórí fóònù.

Òfin kan tó ti wà láti 1939 ló ń darí gbígba ọrẹ láti ilé dé ilé ní England àti Wales, aṣọ sì wà lára ohun tó kàn. Ẹni tó bá fẹ́ kó aṣọ fún àánú gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ káńsù àdúgbò. Ní ìlú London, ọlọ́pàá Metropolitan ló ń fúnni, àfi ní City of London, ìyẹn àgbègbè kékeré kan ní àárín gbùngbùn ìlú náà. Àwọn àjọ tó ń kó ọrẹ káàkiri orílẹ̀-èdè lè rí ìdásílẹ̀ gbà kúrò lábẹ́ gbígba ìwé àṣẹ yìí, nítorí náà ẹ má yára pe àjọ tí káńsù kò rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ní ọ̀daràn; ẹ bèèrè bóyá ó ní ìdásílẹ̀. Bí ẹ bá rí àmì Fundraising Regulator, ìyẹn àjọ tó ti ń ṣe àkóso ìwà àwọn tó ń tọrọ owó àánú láti 2016, ìfọ̀kànbalẹ̀ díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè tẹ àmì sára ọ̀rá. Nọ́ńbà ló yẹ kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ṣa aṣọ náà

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà, ibí náà ni a ti máa ń ṣe aájò tó kéré jù. Ẹ da aṣọ jáde sórí ibùsùn, kí ẹ sì pín in sí òkìtì mẹ́ta: èyí tí ènìyàn lè wọ̀ lọ sóde láìtijú, èyí tó ṣì lè wúlò ṣùgbọ́n tó ti gbó, àti èyí tó ti fàya tàbí tó ní àbàwọ́n tí kò ní ṣí. Ìbéèrè tí mo fi ń ṣe òṣùwọ̀n ni pé: ǹjẹ́ mo lè na aṣọ yìí sí àbúrò mi lójú àwọn ènìyàn? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó wọ òkìtì kìíní.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń gbà ni aṣọ àgbà àti ti ọmọdé, bàtà tó pé méjì, báàgì ọwọ́, bẹ́líìtì, fìlà, aṣọ ibùsùn àti kọ́tíìnì. Ọ̀pọ̀ wọn ń gba kọ́mú tó mọ́. Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ̀ ni ìrọ̀rí, dúfẹ́ẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì, pátá tí ẹnì kan ti wọ̀, ẹrọ iná mànàmáná, ìjókòó ọmọdé inú mọ́tò, àti aṣọ tó tutù tàbí tó ti ń hu. Ọ̀rá kọ̀ọ̀kan ló máa ń to tirẹ̀ sára, ohun tó bá tò náà ni kí ẹ tẹ̀lé. Àwọn kan gba aṣọ gbígbó nítorí pé àwọn oníṣòwò ń rà á lórí ìwọ̀n, tí wọ́n ń gé e sí àkísà tí ilé-iṣẹ́ fi ń nu ẹ̀rọ, tàbí tí wọ́n ń tú u padà sí òwú tí wọ́n fi ń kún ìbùsùn. Bí ọ̀rá kò bá sọ pé òun gba irú rẹ̀, òkìtì kẹta kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ẹ wá àpótí aṣọ tó wà ní ibi tí káńsù ti ń gba ohun àtúnlò.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ṣíṣà ni pé ìrìn àjò aṣọ kì í parí sí ṣọ́ọ̀bù. Èyí tí ṣọ́ọ̀bù kò bá rí tà, àti èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ òwò kó, ń lọ sí ilé ńlá tí wọ́n ti ń fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó dì í ní bẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n tó fi ọkọ̀ ojú omi ránṣẹ́ sí Pakistan, sí Poland, sí Gánà àti àwọn ilẹ̀ mìíràn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Kàtáńgúà ní apá Abúlé Ẹ̀gbá ní ìlú Èkó, tàbí ọjà Missebo ní Kùtọnu, ti mọ bí ìyókù rẹ̀ ṣe ń rí. Òkìríkà wà lára ọjà tí ìjọba Nàìjíríà ní kí ẹnikẹ́ni má kó wọlé, síbẹ̀ ó ń gba ẹnubodè orílẹ̀-èdè Benin wọlé, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé sì ń jẹun nídìí rẹ̀. Obìnrin tó ń tà á máa ń san owó bẹ́ẹ̀lì kí ó tó tú u. Bí ó bá tú u tí ó bá aṣọ tó ti hu, ṣòkòtò tí síìpù rẹ̀ ti já àti bàtà ẹsẹ̀ kan, kò sí ẹni tí yóò dá owó rẹ̀ padà fún un. Ní ọjà Kantamanto ní Accra, ohun tí kò ṣeé tà nínú bẹ́ẹ̀lì ń di pàǹtírí tí òjò ń gbá lọ sínú gọ́tà àti sí etí òkun. Aṣọ àìdára tí a tì sínú ọ̀rá ní London láti fi yẹra fún ìdààmú jíjù nù lè di ẹrù lórí ẹnì kan tó lè jẹ́ ará ilé wa.

Aṣọ ilẹ̀ wa tún gba ìrònú tirẹ̀. Kò sí ilé Yorùbá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí aṣọ ẹbí kò kún, èyí tí a wọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí a kò sì ní fẹ́ wọ̀ mọ́ nítorí pé ó ti hàn nínú fọ́tò gbogbo ènìyàn. Àǹkárá àti léèsì lè wọ inú ọ̀rá, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ṣí i níbẹ̀ lè má mọ iye rẹ̀. Ó sàn kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè nínú ìjọ, ní mọ́ṣáláṣí tàbí láàárín ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yín bóyá ẹnì kan nílò rẹ̀. Ní ti aṣọ òkè, ìbáà ṣe sányán, àlàárì tàbí ẹtù, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi í sínú ọ̀rá rárá. Iṣẹ́ ọwọ́ ahunṣọ ni, ó sì ṣeé fi sílẹ̀ fún ọmọ ọmọ.

Ẹ̀sọ̀ ni kí ẹ fi ṣe aṣọ olóògbé. Nínú àṣà wa, aṣọ ẹni tó kú kì í ṣe ti ẹni tó ń gbé ilé rẹ̀ nìkan. Ẹbí ló ń jókòó pín in. Ọkọ̀ tó bá ti gbé ọ̀rá lọ kì í padà wá, ìjà tí dàńṣíkí bàbá kan lè dá sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ìyá kì í sì í tètè parí. Ẹ pe àwọn tó wà nílé, ẹ ya fọ́tò aṣọ náà ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, kí ẹ sì jẹ́ kí àgbà ẹbí sọ̀rọ̀ kí ẹ tó di ohunkóhun. Bákan náà, àwọn kan nínú wa kì í fẹ́ kí aṣọ tó ti kan ara wọn bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí wọn kò mọ̀. N kò ní bá wọn jiyàn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ lè fi kóòtù, bàtà àwọn ọmọ àti kọ́tíìnì sílẹ̀, kí ó sì mú àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ kúrò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ tọ́jú wọn kí ẹ tó dì wọ́n

Ẹ fọ aṣọ náà, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa. Aṣọ kan tó ní ọ̀rinrin lè ba gbogbo ohun tó wà nínú ọ̀rá jẹ́ kí ó tó dé ibi tí wọn yóò ti tú u. Ẹ yẹ gbogbo àpò wò, pàápàá àpò inú kóòtù, nítorí pé káàdì báǹkì, kọ́kọ́rọ́ àti owó máa ń fara pamọ́ síbẹ̀. Ẹ gé orúkọ ọmọ tí ẹ rán mọ́ aṣọ ilé-ìwé kúrò. Ẹ fi okùn bàtà so bàtà méjèèjì pọ̀, tàbí kí ẹ fi rọ́bà dè é, nítorí pé ẹsẹ̀ kan kò ní iye lórí nígbà tí èkejì bá sọnù. Ẹ fa síìpù pa, ẹ ká aṣọ dípò kí ẹ máa gún un mọ́lẹ̀, ẹ má sì kún ọ̀rá dé ẹnu, kí ààyè lè wà láti ta kókó tó le. Bí aṣọ bá ṣẹ́kù, ọ̀pọ̀ àjọ ló fara mọ́ ọ̀rá mìíràn, bí ẹ bá ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, tí ẹ sì kọ orúkọ àjọ náà sí i.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ gbé e síta

Wọ́n máa ń kọ ọjọ́ àti wákàtí tí ó yẹ kí ọ̀rá ti wà níta, àárọ̀ kùtùkùtù sì ni ó sábà máa ń jẹ́. Ẹ gbé e síta láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, kì í ṣe ní alẹ́ tó ṣáájú, nítorí pé òjò, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti olè ń rìn lóru. Ẹ gbé e sí ibi tí awakọ̀ ti lè rí i láti ojú títì láì wọ inú ọgbà yín, ṣùgbọ́n kí ó má dí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ tàbí ẹni tí ojú ń dùn. Ẹ jẹ́ kí orúkọ àjọ náà kọjú sí títì, kí ẹ sì yà á sọ́tọ̀ pátápátá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pàǹtírí, pàápàá bí ọjọ́ méjèèjì bá bọ́ sí ọjọ́ kan náà. Ẹni tó ń gbé nínú ilé alájà púpọ̀ kò gbọdọ̀ fi ọ̀rá sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ lókè, nítorí pé awakọ̀ kì í gun àkàbà. Ẹnu ọ̀nà àbáwọlé nísàlẹ̀ ni kí ó gbé e sí, bí àwọn alábòójútó ilé bá gbà á láyè.

Bí nǹkan kò bá lọ bó ṣe yẹ

Bí ilẹ̀ bá ṣú tí ọkọ̀ kò dé, ẹ gbé ọ̀rá náà wọlé padà, kí ẹ sì pe nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ níta, yóò di ìdọ̀tí lójú títì, káńsù sì lè bá yín wí lórí rẹ̀.

Bí ẹ bá rí ẹnì kan tó ń tú ọ̀rá yín tàbí tó ń kó ti gbogbo àdúgbò sínú ọkọ̀ tí kò ní orúkọ lára, olè ni, kì í ṣe ẹni tó ń ṣa ohun tí ẹnikẹ́ni sọ nù. Ilé-ẹjọ́ gíga ti dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní 2010, lẹ́yìn tí wọ́n mú ọkùnrin kan tó kó ẹrù níwájú ṣọ́ọ̀bù British Heart Foundation àti nínú àpótí ìdalẹ̀nù tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Oxfam. Ó ní ẹrù tí kò lólówó mọ́ ni. Ilé-ẹjọ́ kò gbà á: ẹni tó gbé ẹrù síwájú ṣọ́ọ̀bù àjọ aláàánú fẹ́ kí àjọ náà ní i ni, ẹrù yẹn sì ṣì jẹ́ ti ẹni tó gbé e kalẹ̀ títí àjọ náà yóò fi gbà á. Ẹ má bá ẹni bẹ́ẹ̀ fa ọ̀rọ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ náà sílẹ̀, kí ẹ sì sọ fún ọlọ́pàá àti fún àjọ tó ni ọ̀rá. Ayédèrú ọ̀rá tó ń fi orúkọ àjọ aláàánú ṣe màkàrúrù jẹ́ ẹjọ́ Trading Standards ti káńsù yín, ìyẹn ẹ̀ka tó ń gbógun ti ẹ̀tàn nínú òwò. Ẹ tọ́jú ọ̀rá náà, ẹ má sọ ọ́ nù, nítorí òun gan-an ni ẹ̀rí.

Ẹni tí kò bá fẹ́ ọ̀rá mọ́ lè lẹ sítíkà mọ́ ilẹ̀kùn pé òun kò fẹ́ ọ̀rá àjọ aláàánú, ìlànà Fundraising Regulator sì pàṣẹ pé kí àwọn tó ń pín in bọ̀wọ̀ fún un. Bí wọ́n bá ṣì ń jù ú síbẹ̀, ẹ kọ orúkọ àjọ náà àti ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé ẹ̀sùn sí àjọ náà fúnra rẹ̀. Bí èsì rẹ̀ kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ̀yin tó wà ní England, Wales tàbí Northern Ireland lè gbé ẹ̀sùn náà lọ sọ́dọ̀ Fundraising Regulator lọ́fẹ̀ẹ́.